Aago Tó Sùn Lọ́jọ́ Tí Àrá Sán

Ọmọ́ṣọlá ká apá bùbá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi gèlè àtijọ́ kan bo imú nítorí eruku, ó sì wọ yàrá ìkẹ́rù ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ Òkè-Ayọ̀ ní Èrúwà. Ọjọ́ Sátidé ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà àfi ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìwé kan ṣoṣo ló ń wá, ìwé ìfọwọ́sí àwọn òṣìṣẹ́ fún oṣù kẹta ọdún 1994. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń kọ aago tó dé àti aago tó lọ sínú ìwé náà, ẹni tó bá sì jáde kí iṣẹ́ tó parí gbọ́dọ̀ kọ ohun tó gbé e jáde. Bí ìwé kan bá kún, wọ́n á jù ú sí yàrá yìí, ikán á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tirẹ̀.

"Ọlọ́run, jẹ́ kí ikán má tíì dé oṣù kẹta," ló ń sọ lábẹ́nu bó ṣe ń tú òkìtì ìwé kan lé òmíràn.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ Mùkáílà ní kóòtù Èrúwà. Wọ́n ní ó wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ó sì yí máàkì ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọlé padà. Bí ẹjọ́ bá mú un, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹni tí yóò sì jẹ́rìí takò ó jù ni Bàbá Ṣàngótọ́lá, ọ̀gá àwọn akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn bàbá tó bí Ọmọ́ṣọlá lọ́mọ.

Inú ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú ni òun àti Mùkáílà pàdé. Ọmọ́ṣọlá ló ń tẹ táípù níbẹ̀, táípù náà sì kọ̀ṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Igbó-Ọrà kí wọ́n pe ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin náà gun máṣíìnì dé, eruku ọ̀nà ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ pupa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Èwo ló ń ṣàìsàn níbí?"

"Òun nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ di òkú."

"Bó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, èmi fúnra mi á máa wá bá yín fi ọwọ́ kọ lẹ́tà lójoojúmọ́."

"Ẹ ò tíì mọ iye lẹ́tà tí ọ̀gá wa ń kọ nìyẹn."

"Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dùn mọ́ mi tó."

Ọmọ́ṣọlá yíjú sí ògiri kó má baà rí ẹ̀rín òun. Ohun tó tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni pé ọkùnrin náà kò tún nǹkan ṣe bí ẹni tó ní àṣírí í pamọ́. Ó pè é kó wá wò ó. "Wo apá kékeré yìí. Òun ló ń ti èyí, èyí náà ló ń ju irin tó ń lu ìwé. Eruku ló dì í lápá. Kò ṣẹ́, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni." Ó fi ìyẹ́ adìyẹ tí a ti bọ̀ sínú òróró nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Nígbà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ lóṣù kìíní, Mùkáílà náà ni wọ́n tún pè. Kò sí ilé-ìwé tó ti kọ́ ọ. Ó ti rí ìwé kan tó bá ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ wá láti Ìbàdàn, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà mẹ́ta, ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá wá, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ.

Àǹtí Àríkẹ́ ló wá di alárinà wọn. Àbúrò Bàbá Ṣàngótọ́lá ni, ó ń ránṣọ ní Lanlate. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Ọmọ Mùsùlùmí," ni Bàbá wí. "Ilé Ṣàngó sì ni tiwa. Kí ni n ó sọ fún àwọn àgbà ilé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọmọ́ṣọlá ló ń lọ sílé ọkọ. Àbí ẹ̀yin náà ti di ẹrù láti lọ ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní kí àwọn ará Igbó-Ọrà fi ara balẹ̀, òun yóò dáhùn lẹ́yìn ìkórè. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Àfi bí ọ̀ràn ṣe ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹfà. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ara pátákó, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì pariwo. Máàkì àwọn mọ́kànlá kì í ṣe èyí tí àwọn olùkọ́ fi sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, wọ́n ti tún ìwé àwọn mọ́kànlá yìí yẹ̀ wò, wọ́n sì ti kọ máàkì tuntun sínú ẹ̀rọ. Ní báyìí, máàkì àtijọ́ ló padà síbẹ̀. Lára àwọn mọ́kànlá náà ni Àkíbù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Mùkáílà. Máàkì tuntun ti já a kulẹ̀, ti àtijọ́ sì ti gbé e wọlé.

Wọ́n bi ẹ̀rọ léèrè ìgbà tí ọwọ́ kan àkọsílẹ̀ náà kẹ́yìn. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún. Mùkáílà wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń tún ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe. Òjò ńlá ká a mọ́, òun nìkan ló sì wà nínú yàrá náà títí di aago mẹ́rin. Àwọn ọlọ́pàá wá mú un nínú ìsọ̀ rẹ̀. Wọn kò ní òfin kankan lọ́wọ́ tó dárúkọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n bá fi òfin ayédèrú ìwé mú un, òfin tí wọ́n ti kọ nígbà tí yíǹkì nìkan ni ènìyàn fi ń ṣe ayédèrú.

"Ṣé o rí i?" ni Bàbá sọ fún Ọmọ́ṣọlá. "Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe náà ló mọ̀ ọ́n bà jẹ́. Bí o bá tún fi ẹsẹ̀ tẹ Igbó-Ọrà, má pè mí ní bàbá mọ́."

Kò tẹ Igbó-Ọrà. Nígbà tí wọ́n gba béèlì Mùkáílà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Àǹtí Àríkẹ́ ránṣẹ́ pé kí Ọmọ́ṣọlá wá wọn aṣọ ní Lanlate. Ó débẹ̀, ó bá Mùkáílà lórí àga, ó ti rù, ó ń tún ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ ṣe.

"Ẹ wò ó," ni Àǹtí Àríkẹ́ wí, "mo fẹ́ lọ ra òwú. Òwú náà jìnnà díẹ̀ o." Ó sì jáde.

Ọmọ́ṣọlá kò jókòó. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti Èrúwà, ojú sì ń tì í pé ó ń rò ó. "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ṣé nítorí Àkíbù ni?"

Mùkáílà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. "Èmi ì bá bínú bí o bá ń rò ó tí o kò bi mí. Mo bẹ Àkíbù títí kó wá kí n kọ́ ọ ní ìṣirò. Bọ́ọ̀lù ló ń lọ gbá. Kí ni n ó wá torí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n sí?" Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́, Ṣọlá. Èmi fúnra mi ni mo fi aago ẹ̀rọ yẹn sí déédéé lọ́jọ́ náà. Olè wo ló ń tún aago ilé tò kó tó jà á lólè?"

Ọmọ́ṣọlá rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó.

"Èyí tó wà níbẹ̀ ni pé iná ti lọ," ni Mùkáílà ń bá a lọ. "Àrá yẹn sán, gbogbo yàrá ṣú, ẹ̀rọ kú. Mo kàn jókòó tí mò ń wo òjò ni. Èrò kan wà lọ́kàn mi nípa aago inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lọ́yà Edith ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tó. Àfi ohun tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ní wákàtí náà, pé kò sí iná. Ta ló sì ń kọ irú ìyẹn sílẹ̀?"

Edith ni lọ́yà tó ń bá a ṣẹjọ́, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń wá láti Ìbàdàn ní gbogbo Ọjọ́rú.

Orí máṣíìnì tó gbé e padà sí Èrúwà ni ìrántí ti dé. Àrá ọjọ́ náà, tiransifọ́mà ló lù. Bí àrá bá sì sán lu nǹkan ní Èrúwà, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án títí àwọn ará ilé Ṣàngó yóò fi dé. Wọ́n ti sáré wá pe bàbá òun lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá òun kì í sì í jáde láìfọwọ́ sí ìwé.

Nísinsìnyí, nínú eruku yàrá ìkẹ́rù, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ìwé náà. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, kò tíì wọnú. Ó ṣí i dé ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ìkọ̀wé tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ nìyẹn, èyí tó mọ̀ láti kékeré: *Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àrá lu tiransifọ́mà, iná lọ. Wọ́n wá pè mí síbẹ̀. Ṣàngótọ́lá.*

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà. "Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́," ló ń wí. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà kò tíì tán tí ìbẹ̀rù fi dé. Bó bá gbé e fún Lọ́yà Edith, lọ́yà yóò fi na bàbá òun ní gbangba kóòtù, lójú gbogbo Ìbàràpá. Bó bá sì gbé e fún bàbá òun, bàbá òun lè jù ú sínú iná ìdáná, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ó rò ó títí ọdẹ fi wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí nǹkan. Ó dìde, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Bàbá ń pọ́n àdá lábẹ́ igi ọ̀sàn. Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀, ó ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ìkọ̀wé yín rèé."

Bàbá kà á. Ó tún un kà. Àdá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "O fẹ́ kí n lọ sọ ní kóòtù pé mo purọ́."

"Ẹ ò purọ́, Bàbá. Ẹ gbàgbé ni."

"Mo ti sọ fún ọlọ́pàá, mo ti fọwọ́ sí i, pé ọmọkùnrin yẹn ló ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń ṣe akọ̀wé. Wọn á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ láti ibí dé Igangan."

"Mi ò tíì fi han lọ́yà. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ gbé e wá fún, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má fi àgbà ṣẹ̀sín."

"Bí mo bá sì fi dáná ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ yín, Bàbá."

Bàbá pa ìwé dé, ó fi sábẹ́ apá, ó sì wọlé. Títí di Ọjọ́rú, kò tún bá a sọ̀rọ̀ ju káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ.

Kóòtù kún lọ́jọ́rú náà. Ìyá Mùkáílà, Àmínà, jókòó síwájú, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ọmọ́ṣọlá jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Àǹtí Àríkẹ́. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì bí ọ̀daràn kejì. Bàbá Ṣàngótọ́lá wọ àpótí ẹlẹ́rìí, ó fi irin búra gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní kóòtù. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba bi í, ó sì jẹ́rìí pé Mùkáílà nìkan ló wà nínú yàrá náà títí di aago mẹ́rin.

Lọ́yà Edith dìde. "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún ọjọ́ náà, níbo lẹ̀yin wà?"

Ọmọ́ṣọlá na ọrùn. Ó rí i tí bàbá rẹ̀ ti ọwọ́ bọ inú agbádá, tó fa nǹkan yọ, tó sì tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀. Ìwé náà ni.

"Ìdí tiransifọ́mà ni mo wà," ni Bàbá wí. Ó kà á sókè fún gbogbo ilé, títí dé orúkọ ara rẹ̀. "Iná ti lọ kó tó di aago tí ẹ̀rọ ń wí. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Ọmọ mi ló rán mi létí."

Àǹtí Àríkẹ́ fún Ọmọ́ṣọlá lọ́wọ́ débi pé òrùka wọ̀ ọ́ lára.

Ọlọ́pàá fò dìde. "Olúwa mi, bí kò bá sí iná, ta ló wá kọ ọ́? Àbí àrá náà ló tẹ̀ ẹ́?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́yà Edith náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí adájọ́ jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò, kí Mùkáílà má sì fọwọ́ kàn án rárá. Adájọ́ gbà. Akọ̀wé kóòtù ló tan ẹ̀rọ, ló fi aago rẹ̀ sí bí aago ọwọ́ adájọ́ ṣe wí: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n pa á, wọ́n yọ wáyà rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ màlúù tó jẹ oko ẹ̀gẹ́ àti ẹjọ́ àwọn méjì tó ń jà sí ààlà ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún tan ẹ̀rọ, aago ọwọ́ adájọ́ ti di méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Adájọ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wá wo ojú ẹ̀rọ.

Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

"Ṣàlàyé," ni adájọ́ sọ fún Mùkáílà.

Ojú Mùkáílà là, bí ó ṣe máa ń là bí ènìyàn bá bi í bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. "Olúwa mi, bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá a ka aago nígbà tí kò bá sí iná. Bátìrì yìí ti darúgbó. Agbára tó fi ń rántí ṣì kù, èyí tó fi ń kà ti tán. Bí iná bá lọ, aago á sùn. Bí iná bá dé lẹ́yìn ọdún kan, á jí, á máa ka ìṣẹ́jú tó kàn bí ẹni pé ó kàn ṣẹ́jú ni. Aago mẹ́ta ni iná lọ lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Bàbá tó fọwọ́ sí ìwé. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́, ìṣẹ́jú méjìlélógún lẹ́yìn tí iná padà dé ló kọ ọ́."

"Ìgbà wo ni iná padà?"

"Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, Olúwa mi. Mo wà ní Igbó-Ọrà."

Adájọ́ wo ilé yíká. "Ta ló kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ tí iná dé?"

Ọmọ́ṣọlá rí i tí ojú bàbá rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tó ń rántí ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Bàbá ì bá dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá Ṣàngótọ́lá wí. "Olúwa mi, èmi ni mo tan án. Mo wò ó pé ẹ̀rọ tó ti wà láìríná fún ọ̀sẹ̀ méje, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò ti bàjẹ́, bí ọbẹ̀ ṣe ń kan nínú fíríìjì. Mo mú díìsìkì tí a fi kó máàkì pamọ́ láti oṣù kejì, mo ṣí máàkì inú rẹ̀, mo sì ní kí ẹ̀rọ gbé e mì padà. Mi ò mọ̀ pé tuntun ṣì wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti fi àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Adájọ́ kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹnì kankan kò dá ọ̀ràn níhìn-ín, àṣìṣe àgbàlagbà kan ni, àgbàlagbà náà sì ti fi ìwà ọkùnrin tún un ṣe. Ó dá Mùkáílà sílẹ̀, ó dá a láre.

"Alihamudulilahi!" ni Ìyá Mùkáílà kígbe. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ní ìta, lábẹ́ oòrùn, Mùkáílà kọjá lọ́dọ̀ lọ́yà rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ṣàngótọ́lá, nínú iyanrìn.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ì bá dákẹ́."

"Dìde, jọ̀wọ́. Èmi ló yẹ kí n wà nílẹ̀ yẹn, orókún ló ń dùn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, orókún ni," ni Àǹtí Àríkẹ́ wí. "Nígbà tí ẹ ń lé ọmọ ọlọ́mọ, kò dùn yín." Gbogbo wọn fi ẹkún àti ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ náà.

Bí ó ti wà ní àṣà, ìdílé ọkọ ló ń lọ sílé ìyàwó láti wí pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ṣàngótọ́lá wọ takisí, ó lọ sí Igbó-Ọrà fúnra rẹ̀. Ó ní òun wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Mùkáílà, àti pé kí wọ́n jọ̀wọ́, bí inú wọn bá ti rọ̀, kí wọ́n wá wo òdòdó àwọn. Ìyá náà bu omi tútù fún un, ó ní, "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, inú wa ti rọ̀ láti inú kóòtù. Ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi sílẹ̀. Ọjọ́ wo ni kí á wá?"

Oṣù Kejìlá ni wọ́n wá. Iṣu tuntun láti Igangan kún iwájú ilé Bàbá, àáfà ṣe àdúrà, àwọn àgbà ilé Ṣàngó náà wúre, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé èwo ló kọ́kọ́ gòkè. Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ fún ìre. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ti tò sílẹ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ àgbàlagbà náà bà lé e lórí, èyí tó jáde kò ju mẹ́ta lọ.

"Bàbá, ẹ ṣeun."

"Èmi ni mo dúpẹ́," ni Bàbá wí. Ó fà á dìde, ó sì fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé Mùkáílà lọ́wọ́.